Níbo Lẹ Ti Rí Eyín Yìí?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí yín, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ eyín ni. Kì í ṣe eyín tèmi o. Eyín ẹja ni, ẹja ńlá inú òkun tí àwọn àgbà ń pè ní àkùrákudà, tí gbogbo wa níbí wá mọ̀ sí ṣáàkì. Ẹ má ṣì mí gbọ́, n kò sọ ṣàkì inú ọbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Maryland ni èmi àti ẹbí mi ń gbé. Àwa Yorùbá pọ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lọ sí iṣẹ́ ní Washington láàárọ̀, tí a ń padà sílé lálẹ́, tí a kò mọ̀ pé tí a bá wa mọ́tò lọ sí gúúsù fún bíi wákàtí kan péré, a ó dé ibi tí òkun ayé àtijọ́ kan wà. Calvert Cliffs ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Bèbè òkè ni, ó gùn tó máìlì 24 lẹ́bàá ọ̀sà Chesapeake. Láàárín mílíọ̀nù 20 sí mílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn, omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò jìn púpọ̀, ló bo gbogbo gúúsù Maryland. Àbùùbùtán wà nínú rẹ̀, ìjàpá òkun wà níbẹ̀, ṣáàkì sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí omi fà sẹ́yìn, iyanrìn, amọ̀ àti ìkarahun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló di òkè tí à ń wò yìí. Ìgbì omi ń jẹ ẹsẹ̀ òkè náà lójoojúmọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń já bọ́ sí etí omi. Oríṣi ẹ̀dá tí àwọn onímọ̀ ti rí àpẹẹrẹ wọn níbẹ̀ lé ní 600.

Ọdún kẹwàá rèé tí mo kọ́kọ́ gbé ọmọbìnrin mi, Tèmítọ́pẹ́, lọ síbẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Láti ibi tí a gbé mọ́tò sí, a rìn tó máìlì méjì ó dín díẹ̀ nínú igbó kí a tó rí omi. Mo ti ń kùn pé irú ìyà wo lèyí, tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀, tó ṣa nǹkan dúdú kékeré kan láàárín òkúta wẹ́wẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ wo eyín." Lóòótọ́, eyín ni. Ó dúdú, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé ó lè ya ọwọ́. Èmi tí mo fi odindi ọdún méjì kàwé gboyè kejì nílùú òyìnbó lórí bí irin ṣe ń gbó tó sì ń kán, mo dúró, n kò rí nǹkan sọ. Ohun tí mo mú lọ́wọ́ yẹn ti wà nínú ilẹ̀ kí ènìyàn kankan tó wà láyé.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ eyín là ń rí jù. Egungun ṣáàkì kò le bí egungun tiwa. Ó rọ̀ bí egungun etí wa, kíá ló ń jẹrà. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ le. Ní gbogbo ọjọ́ ayé ṣáàkì, eyín rẹ̀ ń yọ, òmíràn ń rọ́pò, débi pé ẹja kan ṣoṣo lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín sílẹ̀ nínú omi kó tó kú.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di àṣà wa. Tí iṣẹ́ bá dín, tí ojú ọjọ́ bá dára, ó di etí omi. Eyín tí mo bá rí, inú àpò ṣòkòtò ni. Láti inú àpò, ó di inú ìgò ńlá kan tí a ti jẹ ẹ̀pà inú rẹ̀ tán. Ìgò náà wà lórí tábìlì nínú pálọ̀. Àlejò tó bá wọlé, màá bu díẹ̀ sí i lọ́wọ́ kó wò ó. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́sàn-án, eyín inú rẹ̀ ti lé ní 400. Mo ń yangàn. Ìyàwó mi nìkan ló máa ń wò mí, tí á kàn mi orí. Obìnrin yìí, tó bá bu ọbẹ̀ ata sínú fìríìsà, á kọ déètì sí i lára. Tó bá ro ẹ̀fọ́, á kọ déètì sí i. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Tèmi, nínú gbogbo eyín yìí, èwo lẹ rí níbo?" Mo ní, "Etí omi náà ni." Ó ní, "Ó dáa."

Kì í ṣe òní ni ọmọ aráyé ti ń rí irú eyín wọ̀nyí. Ní Yúróòpù àtijọ́, òkúta ahọ́n ni wọ́n ń pè wọ́n. Pliny, ará Róòmù kan tó kọ ìwé ní ọ̀rúndún kìíní, kọ ọ́ pé láti ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń já bọ́ nígbà tí òṣùpá bá ṣókùnkùn. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o, àwa náà ní ẹdùn àrá. Òkúta dídán tí àgbẹ̀ bá fi ọkọ́ hú jáde lóko, a ní Ṣàngó ló sọ ọ́ sílẹ̀. Lónìí, àwọn awalẹ̀pìtàn mọ̀ pé àáké tí àwọn ará ayé àtijọ́ fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tó bá jáde nínú ilẹ̀ tí a kò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀, ojú ọ̀run la kọ́kọ́ máa ń wò.

Nicolaus Steno, ọmọ ilẹ̀ Denmark, wà lára àwọn tó la ọ̀rọ̀ òkúta ahọ́n yékéyéké. Ní 1666, wọ́n gbé orí ṣáàkì ńlá kan tí àwọn apẹja mú wá bá a ní Florence, ní Ítálì, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo eyín ẹnu ẹja náà, ó wo òkúta ahọ́n, ó rí i pé nǹkan kan náà ni. Ní 1669, ó tún kọ ọ̀rọ̀ kan tó wúlò ju ìyẹn lọ: pé tí ilẹ̀ bá tò léra wọn ní ìpele ìpele, tí ohunkóhun kò sì dojú wọn dé, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ṣáájú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ó padà wá bá a.

Ẹ wá jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdílé ṣáàkì kan fún yín, nítorí òun ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bàbá ńlá kan wà tó ń jẹ́ Otodus obliquus. Ó ti wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Eyín rẹ̀ tóbi, ó nípọn, eteetí rẹ̀ sì ń jọ̀lọ̀ bí ẹnu ọ̀bẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ńlá yẹn, ọmọ eyín méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ìgbà tí ìyá bá dúró sáàárín ìbejì. Létí odò Potomac, lápá Nanjemoy níbí ní Maryland, wọ́n ń rí tirẹ̀. Nígbà tó ṣe, eteetí eyín àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ẹnu ayùn, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Èyí ni wọ́n ń pè ní aksuaticus. Auriculatus tẹ̀lé e, tí ẹnu ayùn tirẹ̀ ti hàn gbangba ṣùgbọ́n tó rí págunpàgun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni angustidens, tí wọ́n ń rí ní South Carolina. Ayùn tirẹ̀ ti ń dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni chubutensis, tí àwọn ọmọ eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti kéré, tí wọ́n fẹ́ wọ inú eyín ńlá lọ. Àbígbẹ̀yìn wọn ni megalodon tí gbogbo ọmọdé ti rí nínú sinimá: eyín rẹ̀ lè gùn ju íǹṣì 6 lọ, ayùn ẹnu rẹ̀ wẹ́, ó dọ́gba, kò sì ní ọmọ eyín mọ́. Ó kú run ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 ọdún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ kan ń pe apá kan ìdílé yìí ní Carcharocles dípò Otodus, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn orúkọ nìyẹn. Ìran kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju méjì lọ: ẹnu ayùn yọ, ọmọ eyín parẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n ju mílíọ̀nù 40 ọdún lọ.

Lọ́dún tó kọjá, Tèmítọ́pẹ́ ní òun fẹ́ fi ìdílé yìí ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé òun. Inú mi dùn. Mo da ìgò mi sórí tábìlì, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. A rí obliquus kan. A rí mélòó kan tó jọ chubutensis. A rí ààbọ̀ megalodon. Àwọn mẹ́ta tó wà láàárín ni a kò rí rárá. Ẹ wá wo ohun tí bàbá ṣe. Ní òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, mo wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ra auriculatus kan àti angustidens kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí n kò rí rí. Dọ́là 140 ni mo san. Mo rò pé mo ń ran ọmọ lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n lẹ́wà gan-an. Tèmítọ́pẹ́ gbé angustidens náà, ó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ó wò ó títí. Ó ní, "Dádì, ọmọ eyín yìí kì í ṣe ti eyín yìí." Mo ní, "Báwo?" Ó fi èékánná ha ibi tí wọ́n ti pàdé, gọ́ọ̀mù tí wọ́n kun ní ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹnì kan ti mú ọmọ eyín láti ara eyín mìíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ojú tì mí. Kì í ṣe nítorí owó nìkan o. Mo ti fẹ́ kí ọmọ mi gbé e síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé ìdílé kan rèé, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo lọ ra ẹbí fún un lọ́jà.

Mo ní kò burú, a ṣì ní eyín inú ìgò. Ní Sátidé kan, a gbé ìgò náà lọ sí mùsíọ̀mù kan tí wọ́n ti mọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá kan tó ti dàgbà díẹ̀ gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó mú eyín kan tó ní ọmọ eyín kékeré, ó ní, "Níbo lẹ ti rí eyín yìí?" Mo ní, "Etí omi ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Etí omi wo?" N kò mọ̀. Ó mú òmíràn, ó tún bi mí. N kò mọ̀. Ó mú ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi nínú orí mi: "Èwo lẹ rí níbo?"

Ìyá náà fi sùúrù ṣàlàyé. Ìpele ilẹ̀ tó wà lára òkè yẹn, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Shattuck ti fún wọn ní nọ́ńbà láti 1904. Wọn kò tẹ́jú pẹrẹsẹ. Wọ́n rọra da gẹ̀rẹ́ lọ sí apá gúúsù. Nítorí náà, lápá àríwá, nítòsí Chesapeake Beach, ìpele tó pẹ́ jù ló yọ sójú. Lápá gúúsù, ní Flag Ponds àti ní Calvert Cliffs State Park, àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí ló wà lójú. Ọ̀rọ̀ Steno náà ni. Ẹni tó bá mọ etí omi tó ti ṣa eyín, bí kò tilẹ̀ mọ ìpele gan-an, ó ti mọ nǹkan díẹ̀ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Èmi ti da àríwá pọ̀ mọ́ gúúsù, mo da Potomac pọ̀ mọ́ Chesapeake, fún odindi ọdún mẹ́sàn-án.

Mo ní, "Mọ̀mọ́, ṣebí a lè wo bí eyín ṣe rí, kí a fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀?" Ó ní, "Tí ẹ bá fi bó ṣe rí mọ ọjọ́ orí rẹ̀, tí ẹ tún wá fi ọjọ́ orí yẹn sọ pé bó ṣe rí ti yí padà, ṣé ẹ kò máa yí po lójú kan?" Mo dákẹ́. Tí ọmọ iṣẹ́ mi bá ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wá fún mi ní ọ́fíìsì, màá dá a padà.

Ó tún ní eyín kan ṣoṣo kì í sọ ìtàn. Eyín ẹnu ẹja kan náà kì í dọ́gba. Ti iwájú yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn. Ọmọ megalodon pàápàá lè ní ọmọ eyín tí àgbà rẹ̀ kò ní. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé eyín kan sókè tó ní "Ẹ wò ó, ibi tó ti yí padà rèé," ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ eyín la nílò, èyí tí a mọ ibi tó ti wá.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà. Ní 2018, Victor Perez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí eyín 359 láti Calvert Cliffs yìí kan náà. Láàárín mílíọ̀nù 20 sí mílíọ̀nù 17 ọdún sẹ́yìn, nínú eyín 100, nǹkan bí 87 ló ní ọmọ eyín. Nígbà tó di nǹkan bí mílíọ̀nù 14.5 ọdún, ó ku nǹkan bí 33 nínú 100. Nígbà tó fi máa di mílíọ̀nù 7.6 ọdún, kò sí ọ̀kankan mọ́. Ẹ tún un kà. Kò sí ọjọ́ kan tí chubutensis sùn tó jí di megalodon. Àwọn méjèèjì wà pọ̀ nínú omi kan náà fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀kan ń dín, èkejì ń pọ̀.

Mo sọ èyí fún bàbá kan ní ìjọ wa. Tíṣà ni bàbá náà kó tó wá síbí, ó ti lé ní 70 ọdún, pélé mẹ́ta sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹnjiníà, ṣé o ti wá gbà pé ọ̀bọ ló bí wa?" Mo ní, "Bàbá, eyín ẹja ni mò ń sọ, n kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀bọ." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi mí sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, sọ fún mi. Ẹja wo ló bí megalodon àkọ́kọ́?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ wà ní kékeré, nínú ènìyàn mẹ́wàá ní agbo ilé yín, mélòó ló kọlà?"

"Á tó mẹ́sàn-án."

"Nígbà tí ẹ bí àkọ́bí yín ńkọ́?"

"Bóyá mẹ́ta nínú àwọn ọmọdé."

"Lónìí ńkọ́?"

"Kò sí o. Ta ni yóò tún gbé ọmọ rẹ̀ fún olóòlà?"

"Ọjọ́ wo gan-an wá ni agbo ilé yín di agbo ilé aláìkọlà?"

Bàbá rò ó títí. Ó ní, "Kò lọ́jọ́." Mo ní bí ti àwọn ẹja náà ṣe rí nìyẹn. Ó yẹ kí n fi kún un, mo sì fi kún un, pé àpẹẹrẹ yìí kò bá a mu tán. Ilà, ọ̀bẹ ló ń kọ ọ́. Ènìyàn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á tì. Ọmọ eyín, inú ẹ̀jẹ̀ ni òbí ti ń fi í fún ọmọ, kò sì sí ẹja tó dìde pé òun kò ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n bí iye ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran láìsí ọjọ́ kan tí a lè nàka sí, ìyẹn bára mu. Bàbá ní òun ṣì máa rò ó wò. Èmi náà kò fi agbára mú un.

Ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í sọ. Ṣáàkì funfun tó ń bẹ lónìí, eyín tirẹ̀ náà ní ẹnu ayùn. Nítorí èyí, nígbà tí Louis Agassiz fún megalodon lórúkọ ní ọ̀rúndún 19, abẹ́ ìdílé kan náà ló fi wọ́n sí. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé megalodon ni bàbá ṣáàkì funfun. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹnu ayùn ti ṣáàkì funfun yọ lọ́tọ̀ nínú ìdílé mìíràn, lára ẹja tó ń jẹ́ hastalis, tí eyín rẹ̀ ń jọ̀lọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó jọra wa kọ́ ni ìbátan wa.

Kí ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀? Ẹja kan tí wọ́n rí ní Peru ní 1988. Ẹnu rẹ̀ ṣì pé, eyín 222 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú egungun ẹ̀yìn 45. Ayùn ẹnu eyín rẹ̀ kéré. Ó wà láàárín hastalis àti ṣáàkì funfun. Gordon Hubbell, dókítà ẹranko tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ, ló gbà á, ó sì fún mùsíọ̀mù kan ní Florida nígbẹ̀yìn. Ọkùnrin yìí kò ṣe bíi tèmi o. Ó ti ṣàkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti rí i. Àkọsílẹ̀ yẹn ni àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé padà sí aṣálẹ̀ yẹn ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, tí wọ́n tún yẹ ọjọ́ orí ilẹ̀ náà wò, tí wọ́n rí i pé ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 6.5 ọdún, ó ju bí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2012, wọ́n sọ ẹja náà ní Carcharodon hubbelli, ní orúkọ ẹni tó tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí a ti mùsíọ̀mù dé, Tèmítọ́pẹ́ wọ yàrá rẹ̀, ó gbé páálí ẹyin méjì jáde. N kò mọ̀ pé láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ya tirẹ̀ sọ́tọ̀. Eyín kọ̀ọ̀kan nínú ojú ihò tirẹ̀, ìwé pélébé lábẹ́ rẹ̀: etí omi báyìí, ọjọ́ báyìí, ẹni báyìí ló rí i. Lára ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Eyín 62 péré ni, ìgò mi ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà, ṣùgbọ́n eyín 62 yẹn lè sọ̀rọ̀.

Mẹ́rin nínú wọn ló jẹ́ ti ìdílé tí à ń sọ: obliquus kan láti Potomac, méjì láti etí omi àríwá, tí ọ̀kan nínú wọn ní ọmọ eyín, àti ọ̀kan láti Flag Ponds tí kò ní. Ó to mẹ́rin náà sórí pátákó. Níbi tó yẹ kí àwọn mẹ́ta yòókù wà, ó fi àyè sílẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwa kò tíì rí tiwa. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ó kọ ọ́ pé eyín mẹ́rin kò lè fìdí ìdílé kan múlẹ̀, ó wá ya iye tó wà nínú ìwádìí eyín 359 yẹn. Eyín tí mo fi dọ́là 140 rà, ó ní òun kò fẹ́. Ipò kẹta ló ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún wọn ní máàkì, àyè òfìfo yẹn ló dúró tì jù.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Abẹ́òkúta bi mí lórí fóònù pé kí ló kan ọmọ Ẹ̀gbá nínú eyín ẹja Amẹ́ríkà. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, sìmẹ́ǹtì wo lẹ fi kọ́ ilé?" Ó ní ti Ewékorò. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, ìsàlẹ̀ òkun ló ti dá, ní sáà kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ létí Potomac tí obliquus ti ń jáde. Ní Togo, nínú ilẹ̀ fọ́sífeètì tí wọ́n ń wà ní Hahotoé, tí kò jìnnà sí Lomé, eyín ṣáàkì ayé àtijọ́ wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti kọ̀wé nípa wọn. Omi ti bo ilẹ̀ tiwa náà rí. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́, ó ní, "Àbí ẹ̀yin ènìyàn yìí ti gbádùn jù níbẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin tó wà nítòsí, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2022, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan rí eyín megalodon tó gùn tó íǹṣì 5 nínú omi ọ̀sà yìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má gbẹ́ òkè náà, ẹ má sì rìn lábẹ́ rẹ̀. Ó máa ń ya lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, òfin sì kọ̀ ọ́. Etí omi nìkan ni kí ẹ ti ṣà, níbi tí wọ́n gbà yín láyè. Ẹ lọ nígbà tí omi bá fà. Kí ẹ sì mú bírò àti ìwé pélébé dání. Ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ tí ẹ rí i, ẹni tó rí i. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ má ní ẹ máa rántí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà bá mi dé. Nígbà tí bàbá mi kú, mo kó páálí fọ́tò kan bọ̀ láti ilé. Ó ti lé ní ọdún méje tó ti wà lókè àjà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ eyín yìí, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo pe ìyá mi lórí fóònù pẹ̀lú fídíò, mo ń fi wọ́n hàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò 15 ni. Màmá mọ àwọn tó wà nínú 11. Wọ́n sọ orúkọ wọn, wọ́n sọ ilé tí wọ́n ti wá, wọ́n ki àwọn míràn ní oríkì, Tèmítọ́pẹ́ sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Nígbà tó kan àwọn mẹ́rin tó kù, Màmá sún mọ́ fóònù, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ ni ìbá mọ ìwọ̀nyí."

Ọkùnrin kan wà nínú ọ̀kan lára wọn tó jọ mí gan-an. Bóyá ìbátan mi ni, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi fi ìwé pélébé kan sẹ́yìn rẹ̀: a kò mọ orúkọ rẹ̀, inú páálí Bàbá Àgbà la ti rí i.